Ọwọ́ Òsì Lójú Àna

Irọ́ tí Tájù pa kò gùn rárá. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni: "Dáadáa, sà."

Bàbá ọmọbìnrin tó fẹ́ gbé níyàwó ló bi í léèrè, nínú pálọ̀ wọn, nínú ẹ̀sítéètì kan ní Ajah. Ẹnjiníà Adétòkunbọ̀ jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó wo Tájù láti orí dé àtàǹpàkò bí ẹni tó ń wo ògiri tó fẹ́ là, ó ní, "Ṣé o máa ń gbá gọ́ọ̀fù?"

Ẹni tó bá ní làákàyè yóò dáhùn pé, "Rárá, sà. Ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń tún ṣe ní Jakande. Bọ́ọ̀lù tí mo mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá." Ṣùgbọ́n Ọlákẹ́mi jókòó lódìkejì, ó ń wo ẹnu Tájù bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Ẹnu Tájù bá gba iwájú, ọgbọ́n rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Dáadáa, sà."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Tájù kò lọ ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ.

"Ó dáa," ni Ẹnjiníà wí. "Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀. Ihò mẹ́sàn-án ni a máa gbá. Gbọ́ mi dáadáa, ọ̀dọ́mọkùnrin. Èèyàn lè purọ́ fún pásítọ̀, ó lè purọ́ fún lèmọ́mù. Lórí pápá gọ́ọ̀fù, kò sí réfírì. Ìwọ fúnra rẹ lo máa ka iye ìgbà tó o gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọ ihò. Ibẹ̀ ni mo ti ń dá òpùrọ́ mọ̀. Àwọn mẹ́ta ti wá tọrọ ọmọ yìí. Kò sí èyí tó dé ihò kẹfà."

Tájù dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bí wọ́n ṣe dé ẹnu géètì, Ọlákẹ́mi di etí rẹ̀ mú.

"Tájù, ìgbà wo lo kọ́ gọ́ọ̀fù?"

"Mo máa kọ́ ọ."

"Ìgbà wo?"

"Láàárín òní sí Sátidé."

Ọlákẹ́mi ká ọwọ́ lérí. "O ti pa mí! Dádì máa ń forí ji ẹni tí kò mọ nǹkan. Òpùrọ́ nìkan ni wọn kì í forí jì."

"Kí ló dé tí o ò sọ ìyẹn kí n tó lanu?"

Ṣùgbọ́n ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀, kí la fẹ́ ṣe sí i? Lọ́jọ́ kejì, ó fi bọ́ọ̀tù ọkọ̀ gbé báàgì gígùn kan wá sí ṣọ́ọ̀bù Tájù. Ọ̀pá gọ́ọ̀fù mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Eruku ti bò wọ́n, aláǹtakùn sì ti kọ́ ilé alájà mẹ́ta sáàárín wọn.

"Sítọ́ọ̀ ẹ̀yìn ilé wa ni mo ti yọ ọ́," ni Ọlákẹ́mi wí. "Kí wọ́n tó bí mi ló ti wà níbẹ̀. Mi ò rí i kí Dádì fọwọ́ kàn án rí. Wọn ò lè rántí ẹ̀ mọ́."

Tájù nu àwọn ọ̀pá náà, ó fi òróró ẹ̀rọ pa wọ́n lára, wọ́n ń dán. Ó fi tépù dúdú wé ibi ìdìmú gbogbo wọn kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Ó rí ilà wẹ́wẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn irin ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni kọ ọ́ nílà ojú. Ó rò pé ilé iṣẹ́ tó rọ wọ́n ló kọ wọ́n nílà.

Ó gbé wọn lọ sí pápá tó wà lẹ́yìn àwọn fúláàtì Jakande, ó sì ṣí fídíò lórí fóònù. Òyìnbó inú fídíò di ọ̀pá mú, ojú irin rẹ̀ kọjú sí bọ́ọ̀lù. Tájù di tirẹ̀ mú bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ̀yìn irin ló kọjú sí bọ́ọ̀lù. Ó yí fóònù sókè sódò. Ó tún ọ̀pá dì mú. Ẹ̀yìn irin náà ni. Ló bá rántí pé bí òun bá fi fóònù òun ya ara òun, ó máa ń yí àwòrán sódì.

"Áà!" ló wí. "Fídíò ló yí sódì."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti tú ẹ̀rọ amúlétutù rí, tó tò ó padà, tí nọ́ọ̀tì méjì ṣẹ́ kù sílẹ̀, tí ẹ̀rọ ọ̀hún sì ṣiṣẹ́, kò sí ohun tí kò lè ṣàlàyé fún ara rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé ọ̀pá ọlọ́wọ́ òsì ni, tí wọ́n rọ ojú irin rẹ̀ sí apá kejì, kí ló dé tí kò fi òsì dì í mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí Tájù. Òsì ló fi ń di ṣíbí mú, òsì ló fi ń ju òkò. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ló dàgbà sí, Ìyá Àgbà Ṣùkúrátù, ata rodo sì ni ìyá yẹn fi ń pa ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ láràárọ̀. "Ṣé ọwọ́ òsì lo máa fi júwe ilé baba rẹ? Ṣé òun lo máa nà sí àgbà? Lọ́jọ́ tó o bá dé iwájú àna rẹ ńkọ́?" Ọmọ ọdún márùn-ún ni Tájù nígbà náà, kò tíì ní àna kankan, ṣùgbọ́n ata kì í béèrè ọjọ́ orí. Nígbà tó fi pé ọmọ ọdún méje, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti di àlejò lára rẹ̀, ó kàn ń bá a rìn kiri ni. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé òun lè fi í di ọ̀pá mú.

Sátidé pé. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Pápá náà wà lójú ọ̀nà Ìbẹ̀jú, láàárín ọ̀sà àti òkun, ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n fi yanrìn dí. Lọ́jọ́ ọ̀gbẹlẹ̀, ó máa ń ṣe bí ilẹ̀ gidi. Lọ́jọ́ òjò, àbàtà á rántí pé àbàtà ni òun.

Fàtíù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ fún ọ̀gá kan ní Oniru, ló bá a ra bàtà gọ́ọ̀fù ní ìsọ̀ òkìrìkà. Bàtà náà ní eyín wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ bí ẹnu ọ̀nì. Nọ́ńbà mọ́kànlélógójì ni. Ẹsẹ̀ Tájù jẹ́ mẹ́rìnlélógójì.

"Á là fún ẹ," ni Fàtíù wí.

Kò là. Láti ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí dé ihò àkọ́kọ́, Tájù ń rìn bí ẹyẹ lékeléke tó tẹ ẹ̀gún.

Ẹnjiníà ti dé níwájú rẹ̀, ó wọ fìlà funfun, ó di ọ̀pá tirẹ̀ mú. Ẹni tó máa bá wọn ru báàgì, tí wọ́n ń pè ní kádì, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá Ìsìmáílà ni orúkọ rẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọmọ bíbí abúlé tó wà níbẹ̀ kí oko tó di pápá. Ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń gbin ẹ̀gẹ́ ni òun ti ń ru ọ̀pá olówó kiri. Bí bàbá yìí ṣe gba báàgì Tájù, ojú rẹ̀ bọ́ sórí irin. Ó wo irin. Ó wo Tájù. Ó wo Ẹnjiníà. Ó pa ẹnu mọ́. Òfin iṣẹ́ wọn nìyẹn: kádì kì í tọ́ àlejò sọ́nà lójú ẹni tó pè é wá.

Ẹnjiníà ló kọ́kọ́ gbá. Ó múra, ó mí kanlẹ̀, ó fi gbogbo ara fi ọ̀pá. Bọ́ọ̀lù náà gbéra, ó tẹ̀ kọ́rọ́ sí apá ọ̀tún, ó wọ inú igbó ṣìnkìn.

"Atẹ́gùn ọ̀sà," ni Ẹnjiníà wí.

"Atẹ́gùn ni, sà," ni Bàbá Ìsìmáílà dáhùn.

Kò sí ewé kan tó mì ní gbogbo Ìbẹ̀jú.

Ó kan Tájù. Ó gbé bọ́ọ̀lù lé orí ìṣó onígi kékeré tí wọ́n fún un, ó fi ọ̀pá. Fìì! Bọ́ọ̀lù jókòó, ó ń wò ó. Ó tún fi. Fìì! Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀pá wọlẹ̀, ó hú odidi ebè koríko kan, koríko náà fò lọ, ó balẹ̀ jìnnà sí wọn, bọ́ọ̀lù sì ta gẹ́ẹ́ kúrò lórí ìṣó, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀.

"Atẹ́gùn, sà," ni Tájù wí.

"Atẹ́gùn wo?" ni Ẹnjiníà bi í.

Wọ́n gbá a títí, bọ́ọ̀lù méjèèjì wọ ihò. Ẹnjiníà yọ bírò. "Mélòó?"

Ahọ́n Tájù na ọwọ́ sí mẹ́fà. Ó fẹ́ kàn án báyìí ni ó rántí àwọn mẹ́ta tí kò dé ihò kẹfà. Irọ́ kan ṣoṣo ló mú wá sílé àna, ó sì ti ná an tán ní pálọ̀.

"Mẹ́tàlá, sà."

Ẹnjiníà gbé ojú sókè, ó wò ó díẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ihò kejì, mẹ́rìnlá. Ní ihò kẹta, bọ́ọ̀lù méjì ti wọ omi, ọ̀nì nìkan ló mọ ibi tí wọ́n wà, mẹ́tàdínlógún. Ẹnjiníà ń kọ wọ́n sílẹ̀. Bírò yẹn dun Tájù ju bàtà lọ.

"Mo rò pé o ní dáadáa lo mọ̀ ọ́n gbá," ni Ẹnjiníà wí nígbà tí wọ́n ń lọ sí ihò kẹrin.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀ ni, sà."

"Ó ti tó ìgbà wo?"

Tájù bú sí ikọ́. Ó wú ikọ́ náà títí wọ́n fi dé ibi ìgbá.

Ihò kẹrin ni kòtò wà. Àwọn tó ṣe pápá gọ́ọ̀fù, ọ̀tá ọmọ èèyàn ni wọ́n. Wọ́n á gbẹ́ kòtò jíjìn, wọ́n á da yanrìn sí i, wọ́n á fi pákó dí ògiri rẹ̀, wọ́n á wá gbé e sójú ọ̀nà gan-an. Bọ́ọ̀lù Tájù, tí kò lọ tààrà láti àárọ̀, lọ tààrà lọ́tẹ̀ yìí. Ó yí gbirigbiri, ó dé etí kòtò, ó dúró bí ẹni ń ronú, ó wá já sínú rẹ̀.

Tájù tẹ̀lé e. Òjò ti sọ pákó ògiri di ọṣẹ. Kò sọ̀kalẹ̀, ìdí ló fi yọ̀ wọlé. Nígbà tó dìde, etí kòtò ga dé àgbọ̀n rẹ̀. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ọ̀nà àbájáde wà, omi òjò ti gba ibẹ̀, ẹrẹ̀ ń hó nísàlẹ̀ omi. Ohun tó rí lókè ni bàtà Ẹnjiníà méjì àti bàtà Bàbá Ìsìmáílà méjì. Bàtà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sí i bí ìgbìmọ̀ adájọ́.

Ó gbá a. Yanrìn fò, ó wọ ẹnu rẹ̀. Bọ́ọ̀lù mì díẹ̀, ó tún rì sí i. Ó tún gbá a. Ó gbá ọgbọ́n, ó gbá agídí. Láàárín ìgbá kẹjọ sí ìkẹsàn-án, fóònù Ẹnjiníà dún, ó yí ẹ̀yìn padà láti dá a lóhùn. Kíá, Bàbá Ìsìmáílà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí kòtò.

"Ọ̀gá mi," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ọ̀pá yìí ò bá ọwọ́ yín mu. Ti ọlọ́wọ́ òsì ni."

Tájù dúró gbagidi. Ó wo irin. Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ohun gbogbo yé e lẹ́ẹ̀kan náà, fídíò, koríko tó ń fò, gbogbo rẹ̀. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, lójú àna mi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Èmi ò sọ nǹkan kan."

Tájù tún fi ọ̀tún gbá ọ̀kan nígbà tí Ẹnjiníà kọ̀yìn sí i. Kò jáde. Ẹnjiníà padà wá, ìgbá ń gorí ìgbá. Bí ó ti ń gbá a ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọlẹ̀ lọ. Nígbà tó dúró láti mí, yanrìn ti dé ojúgun rẹ̀. Ó fẹ́ fa ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ. Ẹsẹ̀ fẹ́ wá, bàtà kọ̀. Ó fa tòsì. Bàtà àti ẹsẹ̀ ló kọ̀.

"Jáde wá," ni Ẹnjiníà wí. "Ó ti tó. Ẹni tó bá fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ti fi ihò sílẹ̀. A máa lọ sílé."

Ó yé Tájù. Sílé ni ó sọ, kì í ṣe sí ihò karùn-ún. Ọlákẹ́mi ń retí fóònù rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò jáde mọ́. Ẹ bá mi fà á díẹ̀ kí n lè tún ìdúró mi ṣe."

Ó di ìdí ọ̀pá mú, ó na irin orí ọ̀pá sókè. Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀, ó di irin mú. Ó fẹ́ fà. Kò fà. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, lórí ilà wẹ́wẹ́ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn irin.

"Níbo lo ti rí ọ̀pá yìí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú yanrìn. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ọ̀pá olówó ọ̀pá. Bó bá ní òun rà á, olè ni. Bó bá ní wọ́n fún òun, Ọlákẹ́mi wọ gàù. Bó bá sì fi ọ̀pá sílẹ̀, yóò ṣubú sínú ẹrẹ̀. Ó la ẹnu láti pa irọ́ kan tó mọ́gbọ́n dání. Òtítọ́ ló tú jáde, gbogbo rẹ̀ pọ̀, bí omi tó fọ́ páìpù.

"Sà, ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń tún ṣe! Mi ò gbá gọ́ọ̀fù rí láyé mi, fídíò ni mo wò. Ọ̀pá yín ni, sítọ́ọ̀ yín ló ti wá, Ọlákẹ́mi ló gbé e wá nítorí irọ́ tí mo pa, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Bàtà yìí ò sì gbà mí! Ti ọlọ́wọ́ òsì ni ọ̀pá yìí, èmi náà ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi, àmọ́ ìyá mi àgbà fi ata pa á, mi ò sì lè nà án lójú yín, sà!"

Ẹnjiníà fi ọ̀pá sílẹ̀.

Tájù ṣubú sẹ́yìn, pọ̀ọ́! Ó jókòó sínú omi. Bàtà méjèèjì dúró sínú yanrìn láìsí ẹsẹ̀ nínú wọn.

Bàbá Ìsìmáílà ń wo sánmà bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá.

"Ata?" ni Ẹnjiníà bi í.

"Rodo, sà."

"Okùn ni wọ́n fi so tèmi mọ́ ìgbáròkó." Ẹnjiníà ṣí fìlà. "Mo bọ́ lọ́wọ́ okùn. Mo ra ọ̀pá yìí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èmi ni mo fi fáìlì kọ ọ́ nílà kí wọ́n má baà jí i. Mò ń gbá a, bọ́ọ̀lù ń lọ bí ìbọn. Ọjọ́ tí èmi àti bàbá ìyá Ọlákẹ́mi kọ́kọ́ gbá a, bàbá wò mí, wọ́n ní, 'Ṣé ọwọ́ òsì yìí náà lo máa fi gba ọmọ mi?' Mo gbé ọ̀pá sí sítọ́ọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọ̀tún gbá a. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n."

"Atẹ́gùn ọ̀sà," ni Bàbá Ìsìmáílà wí kẹ́lẹ́.

"Ìsìmáílà!"

"Mo dákẹ́, sà."

Ẹnjiníà nàka sí bọ́ọ̀lù. "Fi òsì gbá a."

"Lójú yín, sà?"

"Lójú mi gan-an ni mo ní kó o ti gbá a!"

Tájù dìde, ó fi ẹsẹ̀ lásán dúró. Ó yí ara padà. Ó di ọ̀pá mú lódìkejì. Ó retí kí Ìyá Àgbà Ṣùkúrátù ti inú ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ yọ wá pẹ̀lú ata. Ìyá kò yọ. Ọwọ́ òsì rẹ̀, àlejò ọjọ́ pípẹ́ yẹn, di ìdí ọ̀pá mú bí ẹni tó padà dé ilé ara rẹ̀. Ó fi í. Tááù! Bọ́ọ̀lù gbéra nínú yanrìn, ó fo etí kòtò, ó fo bàtà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó balẹ̀ sórí koríko múlọ́múlọ́ níbi tí àsíá wà, ó yí gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, ó dúró ní ìwọ̀n apá kan sí ihò.

Kí Tájù tó lanu yọ̀, ohun kan já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnjiníà ni! Ó ti fò sínú kòtò, tòun ti ṣòkòtò funfun.

"Gbé e fún mi."

Ó gba ọ̀pá, ó ju bọ́ọ̀lù kan sílẹ̀, ó fi òsì fi í. Tááù! Ó lọ tààrà bí okùn bíríkìlà.

"Atẹ́gùn ńkọ́, sà?" ni Bàbá Ìsìmáílà bi í láti òkè.

"Atẹ́gùn ti lọ!" Ó yíjú sí Tájù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ìgbà mélòó lo gbá a nínú kòtò yìí?"

"Mẹ́rìndínlógún, sà."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo kà."

"Ọ̀kan wà tí ẹ ò rí, sà. Ẹ ń dáhùn fóònù."

Ẹnjiníà wò ó pẹ́. "O purọ́ fún mi ní pálọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ forí jì mí."

"Mẹ́ta tó wá ṣáájú rẹ, òtítọ́ ni wọ́n sọ ní pálọ̀, orí pápá ni wọ́n ti jí ìgbá gbé." Ó fi ọwọ́ nu yanrìn lójú. "Lọ sọ fún àwọn ẹbí rẹ kí wọ́n wá. Mo gbà."

Tájù fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Omi kò jẹ́.

"Dúró ná. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́. N kò lè fi òsì gbá a lójú àwọn ẹgbẹ́ mi, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, wàá wà níbí, ká jọ máa fi òsì gbá a. Sátidé tó tẹ̀ lé e náà. Gbogbo Sátidé."

"Títí di ìgbà wo, sà?"

"Ìgbà wo lo fẹ́ kọ ọmọ mi sílẹ̀?"

"Láé, sà!"

"Ó dáa. Títí di ìgbà yẹn."

Ojú Tájù lọ sọ́dọ̀ bàtà nọ́ńbà mọ́kànlélógójì tó dúró nínú yanrìn, tí wọ́n lanu sí i. Ó ka Sátidé tó wà nínú ọdún kan, ó ka ọdún tó wà nínú ìgbéyàwó, ó pa ìṣirò náà tì.

Wọ́n fẹ́ jáde. Ẹnjiníà di pákó mú, ó yọ̀ padà. Tájù tì í lẹ́yìn, àwọn méjèèjì yọ̀ padà. Wọ́n gba ẹ̀yìn, ẹrẹ̀ gbà wọ́n dé orúnkún, wọ́n sáré padà. Fóònù Tájù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú báàgì lókè. Bàbá Ìsìmáílà gbé e.

"Ẹ ǹ lẹ́, Àǹtí. Kádì ni… Wọ́n wà nínú kòtò… Àwọn méjèèjì… Rárá o, wọn ò jà." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Àǹtí Ọlákẹ́mi ní kí ni Dádì wí?"

"Sọ fún un pé mo gbà," ni Ẹnjiníà wí.

Igbe ayọ̀ Ọlákẹ́mi jáde nínú fóònù, ó dé ìsàlẹ̀ kòtò.

"Bàbá, ẹ bá mi sọ fún un kó mú okùn wá!" ni Tájù kígbe. "Okùn gígùn! Kíákíá!"

"Má dá a lóhùn," ni Ẹnjiníà wí. Ó ti ki ọwọ́ òsì bọ àpò ṣòkòtò, ó sì ń kó bọ́ọ̀lù jáde, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó ń tò wọ́n sórí yanrìn. "Kò sí ibi tí à ń lọ."